Àgbéyẹ̀wò Agora ìlú Athens: ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ kí ẹ tó gun Acropolis

Bí ẹ bá dé Athens tí àyè tàbí owó yín kò ju ti ibì kan lọ, gbogbo ayé ni yóò sọ fún yín pé Acropolis ni kí ẹ gùn. Èmi ní kí ẹ kọ́kọ́ ya Agora tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Acropolis rẹwà, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n ilé òrìṣà ni. Ẹ ó wò ó, ẹ ó ya fọ́tò, ó parí. Ọjà ni Agora, òun náà ni ilé ẹjọ́, òun náà ni sẹkitéríàtì. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ Government rí. Ìwé wa máa ń sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ìjọba àwa-ara-wa ti ṣẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo, a sì ti bọ́ sí orí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dènà màgòmágó, kò sí nínú ìwé. Ó wà ní Agora, nínú àpótí gíláàsì, tí ẹ lè tẹjú mọ́ ọn títí ojú yóò fi ro yín.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò le. Ẹ wọ rélùwéè ìlú dé Monastiraki tàbí Thiseio, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ojú irin ọ̀hún gan-an la ilẹ̀ Agora kọjá níhà àríwá, nítorí wọ́n ti tò ó kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó gbé ọkọ́ dé. Ọdún 1931 ni American School of Classical Studies bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀. Owó ìwọlé kéré sí ti Acropolis, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ ó sì fi wọ pápá àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa pápá náà. Tẹ́ńpìlì Hephaistos, òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ, ṣì dúró digbí lórí òkè kékeré lápá ìwọ̀ oòrùn. Yàtọ̀ sí i, ìpìlẹ̀ ilé ló pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wò yóò gba ẹ̀bá Tholos kọjá bí ẹni tó gba ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì kọjá: òkúta róbótó kan nílẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn ìjọba Athens wà.

Ní ọdún 508 sí 507 ṣáájú Krístì ni Kleisthenes, olóṣèlú Athens kan, pín àwọn ọmọ ìlú sí ẹ̀yà mẹ́wàá. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń fi kèké yan ènìyàn 50 sínú Ìgbìmọ̀, gbogbo wọn jẹ́ 500, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Wọ́n gé ọdún sí ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbà tí 50 tirẹ̀ ń wà lórí oyè. Inú Tholos yìí ni àwọn 50 náà ti ń jẹun, owó ìlú ni wọ́n fi ń bọ́ wọn, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì ń sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ìlú má bàa wà láìsí ẹni tó jí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n tún ń ṣẹ́ kèké láàárín ara wọn láti mú alága. Ọwọ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra àti èdìdì ìlú ń wà fún òru kan àti ọ̀sán kan, lẹ́yìn náà kò tún gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́ títí tó fi máa kú. Àgbẹ̀ tó wá láti oko lè di olórí Athens lónìí, kó sì padà sídìí ólífì rẹ̀ lọ́la. Mo dúró níwájú òkúta róbótó yẹn, mo ń ro àwọn kan nílé tí wọ́n ti wà nípò láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì.

Níwájú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gígùn tí ère idẹ mẹ́wàá dúró lé nígbà náà, ère akọni kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ara ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́: òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe, orúkọ àwọn tí ogun kàn. Bí o bá wá láti ẹ̀yà yìí, abẹ́ ère tìrẹ lo máa lọ wò. N kò rí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa àwọn ìpìlẹ̀ ìyókù. Ẹ rìn ín, kí ẹ má pẹ́, oòrùn ibẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ́ àlejò.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ̀yà ara tó dára jù, ilé náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìran. Ọba Attalos Kejì ti Pergamon ló kọ́ ọ fún Athens ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú Krístì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ alájà méjì, tó gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà ó lé, tí ìsọ̀ wà lẹ́yìn òpó rẹ̀. Láàárín 1952 sí 1956 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tún un kọ́ láti ilẹ̀, John D. Rockefeller Kékeré sì wà lára àwọn tó fowó sí i. Àwọn kan ń bínú pé ilé tuntun ni, kì í ṣe ti àtijọ́. Tèmi ni pé òun nìkan ṣoṣo ló jẹ́ kí ojú mi rí bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣe ga tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀, ìdí tí ẹnìkan fi lè dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó máa jiyàn.

Nínú ilé, ẹ wá òkúta mábù kan tí wọ́n gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára, ní ìlà-ìlà. Kleroterion ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa gbọ́ ẹjọ́. Olúkúlùkù ń mú páálí orúkọ tirẹ̀ wá, pẹlẹbẹ idẹ tàbí igi. Wọ́n á tẹ̀ wọ́n bọ inú ihò. Ọ̀pá oníhò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń da ọta funfun àti dúdú sí lókè. Bí ọta funfun bá já bọ́, gbogbo ẹni tó wà ní ìlà yẹn wọlé ẹjọ́; bí dúdú bá já, kí wọ́n máa lọ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe é. Ta lo fẹ́ fún ní rìbá nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa jókòó? Àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ sì lè tó 201, tàbí 501, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwájú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Socrates ti jẹ́jọ́ ní ọdún 399 ṣáájú Krístì.

Àpótí gíláàsì tí wọ́n kó ohun ìdìbò àwọn onídàájọ́ yìí sí ni mo pẹ́ sí jù. Idẹ róbótó kékeré ni ìbò kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pá kúkúrú gún un láàárín. Ọ̀pá ti ọ̀kan kò ní ihò, ti èkejì ní ihò nínú. Onídàájọ́ kọ̀ọ̀kan ń gba méjèèjì: aláìníhò fún olùjẹ́jọ́, oníhò fún olùpẹ̀jọ́. Bí ó bá fi àtàǹpàkò àti ìka mú un ní orí ọ̀pá méjèèjì, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó ń jù sínú ìkòkò ìbò, àfi òun tí ìka rẹ̀ ń gbọ́ ihò yẹn. Mo gbìyànjú ìka náà nínú afẹ́fẹ́ níwájú gíláàsì, ẹ̀ṣọ́ sì ń wò mí. Ìbò bòńkẹ́lẹ́ tó gba ìka méjì péré. Wọn ò tẹ̀ka, wọn ò fi páálí pamọ́ sẹ́yìn aṣọ.

Nítòsí rẹ̀ ni aago omi, ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nísàlẹ̀. Omi rẹ̀ ń dà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ó bá tán, ọ̀rọ̀ rẹ tán, ì báà jẹ́ pé ẹnu rẹ ṣì dùn. Ó wù mí kí wọ́n gbé irú rẹ̀ wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́.

Àwọn àpáàdì ń kọ́? Lọ́dọọdún ni ìlú ń bi ara rẹ̀ bóyá ẹnìkan wà tí agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Bí wọ́n bá dáhùn pé ó wà, olúkúlùkù yóò ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì. Bí ìbò bá pé 6,000, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù yóò fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, láìjẹ́ pé wọ́n gba ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Themistocles, tó ṣẹ́gun àwọn ará Páṣíà lójú omi ní Salamis, wà lára àwọn tí wọ́n fi àpáàdì lé. Ìdí nìyí tí mo fi rẹ́rìn-ín: nínú kànga kan lẹ́bàá Acropolis ni wọ́n ti rí 190 àpáàdì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ìkọ̀wé rẹ̀ wò, ọwọ́ ènìyàn 14 péré ló kọ gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ láti pín in fún àwọn olùdìbò. Ẹ̀rọ kèké gbé wọn débì kan, ṣùgbọ́n kò gbé wọn kọjá àwọn aṣètò ìbò.

Áàpù tí mo rà sórí fóònù láti fi ṣamọ̀nà kò sọ èyí fún mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìtàn òrìṣà ló fi kún mi létí ní pápá, tó dé ọ̀dọ̀ Tholos tó sọ pé ilé róbótó nìyí, tó sì kọjá. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ní kí n san owó mìíràn kí n tó gbọ́ ìyókù. Mo pa á. Ẹ má ra irú rẹ̀. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ alàwòrán tí American School kọ nípa Agora wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kà wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ohun tó burú jù nínú áàpù yẹn ni pé kò mẹ́nu kan ẹrú rárá. Òkúta kan wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tí wọ́n gbẹ́ òfin ọdún 375 sí 374 ṣáájú Krístì sí, Nikophon ló dá a lábàá. Òfin náà sọ pé ẹrú ìlú kan ni yóò máa jókòó láàárín tábìlì àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ní Agora láti máa yẹ owó fàdákà wò. Bí owó bá jẹ́ ayédèrú, tí inú rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí òjé, kí ó gé e lójú ẹsẹ̀. Bí ẹrú náà kò bá jókòó sídìí iṣẹ́, tàbí kò yẹ̀ ẹ́ wò bí òfin ti wí, pàṣán 50. Ẹ wò ó: owó tí gbogbo ìlú fi ń náwó, ojú ẹrú kan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì fi dúró. Òun kò lè ju àpáàdì kankan. Àwọn obìnrin pẹ̀lú kò lè dìbò. Láti ọdún 451 sí 450 ṣáájú Krístì ni òfin tí Pericles, olóṣèlú Athens, dá lábàá ti ní kí bàbá àti ìyá jẹ́ ará Athens kí ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ ìlú, ìyá yẹn sì wà nílé lọ́jọ́ ìbò. Ohun tó mú mi rántí ìyá jù ni póò amọ̀ tí wọ́n ń gbé ọmọ ìkókó jókòó sí, tí ibi ẹsẹ̀ ọmọ wà níwájú. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọdé dání, níbẹ̀ ni wọn ó ti rẹ́rìn-ín jù.

Róòmù náà fi ọwọ́ sí ibẹ̀, ẹ má fo tiwọn. Ààyè gbàgede tí àwọn èrò ń kóra jọ sí ni Agrippa, ọkọ ọmọ Augustus olú-ọba Róòmù, kọ́ gbọ̀ngàn orin ńlá sí láàárín gan-an, ní bí ọdún 15 ṣáájú Krístì. Ẹ máa rí àwọn ère gìrìwò tó kù níbẹ̀. Ní tèmi, kò sí àlàyé tó ju ìyẹn lọ nípa ohun tó dé bá ìṣèlú wọn: ìpinnu ti kó lọ sí Róòmù, wọ́n fi ibi ìgbafẹ́ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀nà sì ni ère Hadrian tí kò ní orí. Ẹ wo àyà ìhámọ́ra rẹ̀ dáadáa: Athena, òrìṣà tó ni Athens, ló dúró sórí abo ìkookò tó ń fún Romulus àti Remus, ìbejì inú ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Róòmù, lọ́mú. Olú-ọba Róòmù gbà kí wọ́n gbẹ́ èyí sí òun láyà!

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, nítorí pápá tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ bí ẹ kò bá ti kàwé wá. Ẹni tó kàn fẹ́ ya fọ́tò, Acropolis ni kó lọ. Ẹni tó fẹ́ràn òṣèlú, tó bá ti jókòó ti àgọ́ ìdìbò rí, kó fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀, kó gbé omi dání, kó dé ní àárọ̀ kùtù. Bí agbára bá ṣì kù lẹ́sẹ̀ yín, ẹ kọjá sí òkè Pnyx lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ìwọlé ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ìpàdé gbogbo ọmọ ìlú ti ń wáyé, nǹkan bí 40 ìgbà lọ́dún ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Krístì, pèpéle tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta fún olùsọ̀rọ̀ sì ṣì wà. Bí àwọn ènìyàn bá ń lọ́ra ní ọjà, okùn tí wọ́n rì sínú ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kó wọn lọ sípàdé. Aṣọ ẹni tó bá pẹ́ ló máa sọ ọ́.