Ẹ̀rọ Ìrin-Ẹ̀gẹ́ Oní-bẹ́líìtì: Ìdí Tí A Fi Tún Ògbólógbòó Ṣe Dípò Kí A Ra Tuntun

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan ti ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ibùdó gàrí tí èmi àti Màmá Kékeré, àbúrò ìyá mi, jọ ń bójú tó ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ́ńjìnnì dísù tí a ń fi irin ọwọ́ yí kí ó tó jí ló ń gbé e, bẹ́líìtì méjì ló sì wà láàárín ẹ́ńjìnnì náà àti dúróòmù, irin róbótó tó ń rin ẹ̀gẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: bẹ́líìtì kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́, bí a bá sì da ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, dúróòmù á fà sẹ́yìn, òórùn rọ́bà tó ń jóná á gba gbogbo àtíbàbà, àwọn ìyá tó gbé ẹ̀gẹ́ wá á sì jókòó ti báàfù wọn títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Owó tuntun ju ìlọ́po mẹ́rin owó àtúnṣe lọ, nítorí náà n kò fẹ́ fi ìméfò pinnu. Mo gbé báàfù ẹ̀gẹ́ mẹ́fà lọ sí Mọ̀pà, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ti ra tuntun.

Ẹ̀rọ tuntun náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe é láti ẹnu dé ìdí, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán, nítorí omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì máa ń jẹ irin lásán títí ìpẹtà rẹ̀ yóò fi máa bọ́ sínú gàrí. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù rẹ̀, alágbára ẹṣin 6.5, so mọ́ dúróòmù tààrà láìsí bẹ́líìtì. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti ṣiyèméjì. Nínú báàfù kẹrin, ìdí ẹ̀gẹ́ kan tó le bí igi há sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú lójijì, rọ́bà ibi ìsopọ̀ sì ya. Ká ní oní-bẹ́líìtì ni, bẹ́líìtì ni ìbá yọ̀ lórí púlì, ìyẹn irin róbótó oníkòtò tí bẹ́líìtì ń yí lé, tí nǹkan kan kò ní fọ́. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, pẹtiróòlù kì í ṣe ohun tí a ń dà sínú ẹ̀rọ láìronú mọ́. Dísù náà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í mu tó ti pẹtiróòlù bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba.

A wá gbé tiwa lọ sí Kàbà, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jó irin tó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó kí Màmá Kékeré ní "òkun o", ìkíni àwa ará Òkun, kò sì fọwọ́ kan bẹ́líìtì rárá. Okùn ọ̀rá tín-ín-rín ló mú, ó nà án láti ojú púlì ẹ́ńjìnnì dé ojú púlì dúróòmù, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ibi mẹ́rin ló yẹ kí okùn náà ti kan irin. Mẹ́ta ló kàn, àyè ibi kẹrin sì gba ìka mi: púlì méjèèjì kò tò sórí ìlà kan náà. Ó wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò púlì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi ṣíbí tuntun. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni bẹ́líìtì fi ń di púlì mú, pé bí ìsàlẹ̀ bá ti ń dán, kòtò ti jẹ nìyẹn, bẹ́líìtì ti ń jókòó dípò kí ó há. Gbogbo owó tí a ti ná sórí bẹ́líìtì láti oṣù mẹ́ta, ibi tí kò dùn wá ni a ń fi oògùn sí.

Ó tún rí i pé ẹnì kan ti yọ púlì ínǹṣì 8 tó wà lára dúróòmù nígbà kan, ó sì fi ti ínǹṣì 6 rọ́pò rẹ̀. Púlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ ínǹṣì 4; bí ẹ́ńjìnnì bá yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ti 8 á mú kí dúróòmù yí nígbà 1,000, ti 6 á gbé e dé nǹkan bí 1,330. Eré pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tó ń yí i dín kù, bẹ́líìtì ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọ̀gá náà dá ti 8 padà, ó pààrọ̀ púlì ẹ́ńjìnnì àti bíárìn méjèèjì tó ń jẹ́ kí dúróòmù yí wẹ́rẹ́, ó sì fi páànù tí kì í dógùn-ún, tó fi ìṣó lu láti inú kí ẹnu ihò lè ya síta, bo dúróòmù.

Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ àbùkù wà. Ọjọ́ méjì ló dá, ọjọ́ márùn-ún ló lò, nígbà tí ẹ̀gẹ́ tí a ti bó ń dúdú nílé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi bẹ́líìtì tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó. Mo kọ̀, nítorí ògbólógbòó ti nà, tuntun nìkan ni yóò máa ru ẹrù. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fẹ́ dá ẹ̀rọ náà padà láìsí irin ìbòrí lórí bẹ́líìtì. Níbi tí àwọn ìyá ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró lára, n kò lè gba irú ìyẹn. A dúró títí wọ́n fi jó ìbòrí tó ṣeé ṣí mọ́ ọn.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, bẹ́líìtì kan náà ló ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ṣáfùtù, irin gbọọrọ tí dúróòmù ń bá yí, bá ti wọ́, tàbí tí irin tó gbé bíárìn dúró bá ti sán, kí onítọ̀hún lọ ra tuntun, nítorí kò sí púlì tí yóò tọ́ lórí ohun tó wọ́. Tiwa kò tíì débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ẹ̀gẹ́ ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Láràárọ̀, kí a tó yí ẹ́ńjìnnì, Màmá Kékeré á ṣí irin ìbòrí, á fi àtàńpàkò tẹ bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan ní àárín, á sì wo bí ó ṣe rọ̀ mọ.