Ẹ̀rọ Tó Sọ Ọkọ́ Di Ọkọ̀: Purojẹ́kítọ̀ Tí Mo Rà ní Àkúrẹ́

Ẹ má bi mí bóyá ó ní Bluetooth. Ó ní. Ẹ má bi mí bó ṣe wúwo tó, torí gbogbo ìyẹn wà lára páálí rẹ̀, ẹni tó bá sì ti rí ọ̀kan nínú àwọn purojẹ́kítọ̀ kékeré funfun tí wọ́n ń tà káàkiri yìí ti rí gbogbo wọn. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Wẹ́sídeè kan, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, níwájú ọmọ 43 àti súpáfáísọ̀ kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń kọ́, Yorùbá ni mo yàn, ìlú Oǹdó sì ni mo ti ń ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ tí súpáfáísọ̀ máa ń wá wò. Ẹni tó bá ti ṣe TP rí mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní kéèyàn mú ohun èlò ìkọ́ni wá, káàdìbọ́ọ̀dù lọ̀rọ̀ máa ń já sí. Mo ti rí àwọn tó ṣáájú mi tí wọ́n ń sáré fún òjò, tí wọ́n fi ẹ̀wù bo káàdìbọ́ọ̀dù bí ẹni bo ọmọ ìkókó. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo gba àjọ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, mo ra ẹ̀rọ yìí ní ₦78,000 ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà mọ ọjà tà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé e kalẹ̀, ó tàn án, ó ní, "Sisí, gbogbo nǹkan lèyí ń kà. Fọ́tò, fíìmù, orin, ìwé."

Mo ní, "Ìwé Yorùbá ńkọ́, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bóyá iyọ̀ máa ń wọ ọbẹ̀. "Ìwé Yorùbá kì í ṣe ìwé ni?"

Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Òun náà ni mo padà wá ń rántí lóru. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó tún ta wáyà kan fún mi ní ₦6,500, ó ní mo máa fi so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ náà, ohun tó bá wà lójú fóònù á sì yọ sára ògiri. Mo délé, mo so ó, nǹkan kan ò yọ. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gbé àwòrán gba ihò tí a fi ń gba iná. Tèmi ò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ fóònù tí kò wọ́n, ìbáà jẹ́ Type-C. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀rọ mi ò ní wàhálà o. Fóònù rẹ ni kó o lọ dá padà fẹ́ni tó tà á fún ẹ." Wáyà náà wà lára ìṣó báyìí, aṣọ ni mo ń sá sí i.

Èyí tó kù fún mi ni kí n kó iṣẹ́ mi sínú filáàṣì. Ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n kọ "Text" sí, kò sì gba oríṣi fáìlì míì níbẹ̀ ju .txt lọ. Kò burú. Ìró ohùn ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn JSS 1, kò la àrà kankan lọ. Mo fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá inú fóònù tẹ gbogbo rẹ̀, àmì lórí, àmì nísàlẹ̀, mi ò fo ọ̀kan. Mo dán an wò lára ògiri yàrá mi lálẹ́ Túsìdeè. Ojú ìwé kìíní yọ, ó mọ́ kedere. Mo pa á, mo sùn. Ojú ìwé kìíní nìkan ni mo dán wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ní Wẹ́sídeè, mo ta bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun sójú pátákó. Iná ìjọba kì í dé ilé ìwé náà, nítorí náà mo yá bátìrì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ya fídíò ìnáwó. Súpáfáísọ̀ wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ṣí ìwé wọn. Mo tan ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ pariwo "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" bí ẹni wà ní ilé sinimá. Oòrùn jẹ́ kó ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà:

igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà.

Igba tí a fi ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgbá tí à ń jẹ, igbà tí ọ̀kọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Re re, re mí, dò dò, dò mí, re dò. Àwọn ọmọ ń gbè é, ohùn wọn ń dùn. Mo yọjú wo súpáfáísọ̀, mo rí i pé wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Inú mi tutù. Mo tẹ ojú ìwé kejì, èyí tó yẹ kó jẹ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀.

Ohun tó yọ rèé:

□k□
□k□□
□k□□
□□k□□

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan níwájú, ọmọ tó jẹ́jẹ́, gbé ọwọ́ sókè. "Mà, èwo ni ọkọ́, èwo ni ọkọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, torí ìlà kejì àti ìkẹta ò yàtọ̀ síra rárá. Kí n tó dáhùn, ọmọkùnrin kan ti lọgun láti ẹ̀yìn, "Fèrèsé ni!" Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín náà ò ṣe é dá dúró.

Ẹ ó rò pé màá wá sọ pé mo ju ẹ̀rọ sílẹ̀, mo mú ṣọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ sì dára. Ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ lóòótọ́ (fáànù rẹ̀ ò dákẹ́, ó ń kùn lọ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun), mo ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ya ọkọ́, eèkù àti irin rẹ̀, mo sì kọ "ọ̀kọ̀" sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kà á sókè bí mo ṣe kọ ọ́: dò dò. Ọmọ 43 ń pe ọkọ́ oko ní ohun ìjà, ẹnì kan ò sì jiyàn, àfi súpáfáísọ̀ tí wọ́n gbé ojú kúrò nínú ìwé wọn tí wọ́n wò mí.

56 nínú 100 ni wọ́n fún mi. Wọ́n pè mí sábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì. Wọn ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà yẹn ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ wo ni wọ́n lò?" Mi ò lè dáhùn. Ó di alẹ́ kí ìdáhùn tó wá: wọ́n kọ ìwé tuntun tó bá èdè náà mu kí wọ́n tó kó o wọ kíláàsì. Èmi ra ẹ̀rọ kí n tó bi í bóyá ó gbọ́ èdè.

Ní Sátidé, mo tún wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́. Títí tá a fi kọjá Ọwẹnà ni mò ń to ohun tí mo máa sọ nínú ọkàn mi, mo tò ó bí ẹni to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbọ̀n. Oríkì Àkúrẹ́ ní wọ́n jẹ́ ọmọ a-mú-idà-sílẹ̀-m'ógun-ẹnu-pani. Mi ò mọ ìlú tí ọ̀gá yẹn ti wá, àmọ́ oríkì náà bá a mu. Mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn tinú-bíbí-tinú-bíbí, mo tan ẹ̀rọ, mo fi fèrèsé méjìlá hàn wọ́n. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ò ní wàhálà. Èdè ló ní wàhálà. Gbogbo àmì yẹn, kí ló dé tí ẹ fi ń kó o sórí ọ̀rọ̀? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn."

Mo ní, "Sà, Yorùbá ni iṣẹ́ náà."

Wọ́n nawọ́ sí ògiri. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀: OJA TI A BA TI TA KO SE DA PADA. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Mo dúró, mò ń kà á. Ó bí mi nínú débi pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń jó òjé lára rédíò kan ní igun, ti gbé orí sókè. Kò tíì pé ogún ọdún. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wò ó." Ọ̀gá ní kó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣẹ́jú méjì." Ìṣẹ́jú méjì yẹn di wákàtí méjì, mi ò sì tíì rí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan fún mi bẹ́ẹ̀ rí, àwọn olùkọ́ mi náà ń bẹ nínú rẹ̀.

Ó ní òun lòun ń gbé orin sójú ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìdànrè, ohun kan náà ló sì ṣe orin Yorùbá wọn níjọ́ kìíní: "Ọlọ́run" di fèrèsé, àwọn àgbà ìjọ ní èṣù ti wọ kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Igbá àti ìgbà kò bàjẹ́, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní torí àwọn Faransé àti Potogí náà ń lo á àti à ni, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn lẹ́tà náà ti wà nínú ẹ̀rọ. Ọ tiwa ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹni tó kó lẹ́tà sínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí ò kó o síbẹ̀. Ti ọ́ àti ọ̀ wá burú jù: wọn ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà kan ni, àmì kan ni, lẹ́tà náà ló máa gbé àmì rù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ́ fi ní fèrèsé mẹ́ta, tí ọkọ̀ náà sì ní mẹ́ta. Mo ka ọdún mẹ́ta lórí àkọtọ́, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, mo mọ ti 1974 dórí, ẹnì kan ò sọ fún mi rí pé bí lẹ́tà mi ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ó ní oògùn rẹ̀ ò le. "Ẹ má fún un ní ìwé kó kà, àǹtí. Ẹ fún un ní fọ́tò ìwé. Kò ní mọ̀ pé Yorùbá ni." Ó tẹ ojú ìwé kejì mi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sọ ọ́ di àwòrán JPEG, ó kó o sínú filáàṣì, ó ṣí "Photo" dípò "Text". Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Wọ́n tò síbẹ̀ pẹ̀lú àmì orí àti tìsàlẹ̀. Mo pariwo. Oníbàárà kan tó wá ra chaja bẹ̀rù.

Ó sọ gbogbo iṣẹ́ mi di fọ́tò, ojú ìwé 19. Ó tún ní kí n sún ẹ̀rọ mọ́ ògiri, torí bí àwòrán bá ṣe kéré sí ni iná rẹ̀ á ṣe le sí, kí n sì fi náílọ́ọ̀nù dúdú di fèrèsé (fèrèsé gidi). Mo fún un ní ₦2,000, kò gbà. Mo fi í sábẹ́ rédíò tó ń tún ṣe. Ọ̀gá rí i. Mo ní ìrètí pé ọmọ náà ló mú un.

Ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, mo tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Àwòrán ò ju ẹní ìjókòó lọ lórí ògiri, ṣùgbọ́n ó tàn. Fún ọkọ, mo lo fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ pariwo débi pé olùkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá yọjú. Ọmọkùnrin onífèrèsé yẹn ló kọ́kọ́ pe ọ̀kọ̀ lápèyanjú. Ọmọ míì bi mí pé kí ló dé tí ìwé ń kọ "ilé" nígbà tí ìyá àgbà òun ń pè é ní "ulé". Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi àmì sí i, Oǹdó tòun náà Yorùbá ni. Ohun tí mo fẹ́ di olùkọ́ fún nìyẹn. Súpáfáísọ̀ ò sí níbẹ̀. 56 yẹn ò yí padà.

Àwọn tó kù, kíákíá: ohùn rẹ̀ ò dé ìjókòó kẹta, ẹ wá sípíkà. Ó máa ń gbóná, ẹ má gbé e lé aṣọ. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Bátìrì ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún wákàtí kan ààbọ̀, ó tó kíláàsì méjì. Tí ẹ bá ń kọ́ Yorùbá tàbí Ìgbò, ẹ má fọwọ́ kan "Text" láé. Ẹ má ra wáyà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ní kí n ta á fún òun ní ₦70,000. Mi ò tà.