Ilé ìtajà tí wọ́n ti ní kí n tú Colt Navy palẹ̀ kí n tó sanwó

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ilé ìtajà yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì rajà níbẹ̀. Bàbá òyìnbó tó ni ín bẹ̀ mí pé kí n má gbé orúkọ òun sórí ayélujára nítorí olè, nítorí náà n ó kàn sọ pé ó wà ní ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Houston, nǹkan bíi wákàtí méjì tí èèyàn bá wa mọ́tò. Ohun èlò ayé àwọn tó ń ya lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ló ń tà: gàárì ẹṣin, àtùpà epo, ìkòkò irin, ìwé ilẹ̀ tó ti pọ́n, àti ìbọn ìléwọ́. Ìbọn ìléwọ́ ló gbé mi débẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Ìdí ẹwìrì bàbá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún ni mo dàgbà sí, àwọn ọdẹ a sì máa gbé ṣakabùlà wọn wá síbẹ̀ fún àtúnṣe. Bàbá mi kì í fi àwọ̀ ṣèdájọ́ irin. Wọ́n á fi èékánná tọ ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, wọ́n á ní, "Ibí yìí ni irọ́ máa ń sá sí." Èmi tí mo gbọ́ èyí láti kékeré, wọ́n ṣì rẹ́ mi jẹ. Níbi ìpàtẹ ohun àtijọ́ kan ni mo ti fi 900 dọ́là ra ohun tí wọ́n pè ní Colt Navy ti 1851, irú ìbọn ìléwọ́ kan tí ilé iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà ṣe láyé àtijọ́. Ó pọ́n, ó ṣú, ó dà bí arúgbó lóòótọ́. Ìgbà tí mo délé tí mo tú u ni mo rí àmì àwọn tó ń yẹ ìbọn wò ní Ítálì, tí ẹnìkan ti fi fáìlì ha títí tó fi ku ìràwọ̀ kékeré kan. Àwòkọ ni, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní agbègbè Gardone ní Ítálì láti ìparí àwọn ọdún 1950. Àwòkọ ò burú, ọ̀pọ̀ ló dára gan-an. Ohun tó ká mi lára ni pé ẹnìkan jókòó ti irin yẹn láti fi kọ́ ọ ní irọ́.

Ní ilé ìtajà tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe ní mo fẹ́ wo Navy tó wà nínú dígí, bàbá náà tẹ́ awọ sórí tábìlì, ó gbé àtùpà àti awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i, ó fún mi ní òòlù igi kékeré, ó ní kí n tú u. Irin pẹlẹbẹ kan bí èèkàn ló de ọ̀pá ìbọn náà mọ́ ara rẹ̀. Tí èèyàn bá ti lù ú jáde, gbogbo rẹ̀ á tú sí mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ Colt a máa tẹ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pá, ara ìbọn, idẹ tó yí ibi tí ìka ń fà ká, idẹ ẹ̀yìn ìdí rẹ̀, àti irin róbótó tó gba ọta mẹ́fà. Gbogbo wọn bára mu. Èèkàn nìkan ni kò bá wọn lọ, bàbá náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó bèèrè. Nọ́ńbà náà bọ́ sí 1861, ọdún tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù.

Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pá rẹ̀ ní, igun mẹ́jọ náà ṣì mú. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ dán ìbọn àtijọ́ máa ń jẹ igun rẹ̀ rọ̀, lẹ́tà ara rẹ̀ á sì rì. Tèmi kò ní àwọ̀ aró mọ́, ìpẹtà ti tọ́ ọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́tà "ADDRESS COL. SAML COLT NEW-YORK U.S. AMERICA" hàn ketekete. Lára irin róbótó yẹn, wọ́n fi òǹtẹ̀ tí W. L. Ormsby gbẹ́ yí àwòrán ogun ojú omi sí i: àwọn ọkọ̀ Texas àti ti Mẹ́síkò lẹ́bàá Campeche, 16 May 1843. Àwòrán yìí ló fa orúkọ Navy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́. Méjì ni Wild Bill Hickok, ayìnbọn olókìkí ayé ìgbà náà, máa ń gbé. Lára tèmi, ìgbòkun ọkọ̀ méjì àti èéfín díẹ̀ ló kù. Apó awọ ló jẹ ìyókù, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì jẹ jù. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í rántí ẹ̀gbẹ́ kan yẹn. Ibi gbogbo ló máa ń ha dọ́gba.

Ẹtù, ọta, kí a wá fi bàbà kékeré dé ìdí ihò kọ̀ọ̀kan: bí a ṣe ń ki ọ̀pọ̀ ṣakabùlà náà ni, àfi pé ihò mẹ́fà ni. Mi ò ní yìn ín láéláé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ kejì tí mo lọ. Ìbọn Griswold & Gunnison ni, tí wọ́n fi Navy ṣe àwòkọ ní Griswoldville, Georgia, nígbà ogun abẹ́lé náà, nǹkan bíi 3,600 kí àwọn ọmọ ogun Àríwá tó dáná sun ilé iṣẹ́ náà ní November 1864. Idẹ ni ara rẹ̀ nítorí irin wọ́n wọn. Irin tí wọ́n lọ́ bí okùn ni wọ́n fi ṣe ibi tó gba ọta, ìlà rẹ̀ ṣì hàn. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tí mo bá rí i. Ẹrú aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rọ ọ́, kò sì sí orúkọ ẹnìkan nínú wọn lára rẹ̀. Orúkọ olówó wọn ló wà lórí páálí tó wà níwájú rẹ̀. Mo sọ fún bàbá náà, ohùn mi sì gbọ̀n. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti tún páálí náà kọ, ó sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ní ìlà àkọ́kọ́.

Àléébù rẹ̀? Kì í dín owó. 1,650 dọ́là ló pe Navy, iye tí mo san náà nìyẹn. Ibẹ̀ há, ó sì móoru, Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣí. Ṣùgbọ́n ìwé ìsanwó mi kọ ọ́ dúdú lórí funfun pé èèkàn kì í ṣe ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì fún mi ní ọjọ́ 14 láti dá a padà bí mo bá rí irọ́ mìíràn.

Lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968, ohun tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ kò sí nínú ohun tí òfin náà ń pè ní ìbọn, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀, ẹ bèèrè. Ẹ má sì dì í sínú àpótí wá sí Nàìjíríà. Òfin tiwa yàtọ̀, ó sì le.

Bàbá náà ń bá mi wá èèkàn àtijọ́ tó bá Navy mi mu. Mo ti sọ fún un pé bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tiẹ̀ bá tèmi mu, kó má ṣe fi fáìlì kàn án.