iPhone 5, iPod touch tàbí iPod nano: èwo ló yẹ kí ẹ fi owó yín rà ní ọdún 2012?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 ni Tim Cook, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, gun orí pèpéle ní Yerba Buena Center ní San Francisco, tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì fi iPhone 5, iPod touch tuntun àti iPod nano tuntun han aráyé. Fóònù náà jáde ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn ní Amẹ́ríkà àti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn. Àwọn ẹ̀rọ orin, ìyẹn iPod méjèèjì, tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá. Ìmọ̀ràn ọdún 2012 yẹn ni gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀, nígbà tí ọjà wà lórí àtẹ tó sì ku kí oníkálukú mọ èyí tí yóò mú; iye tí mo dárúkọ, iye ti ìgbà náà ni.

Iye tí wọ́n kọ sára wọn ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. iPhone 5 tó ní 16GB (GB ni a fi ń wọn àyè tí ẹ̀rọ ní láti kó nǹkan pamọ́), dọ́là 199. iPod touch tó ní 32GB, dọ́là 299. Ojú (síkíríìnì) kan náà ni méjèèjì ní, kámẹ́rà fóònù dára ju ti iPod lọ, ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, sì yá ju ti iPod lọ. Báwo wá ni ẹ̀rọ orin ṣe wọ́n ju fóònù lọ?

Kò wọ́n jù ú lọ. Dọ́là 199 yẹn, àsanlẹ̀ ni. Ẹni tó san án ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún méjì pẹ̀lú AT&T, Verizon tàbí Sprint, àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà nígbà náà, oṣooṣù ni yóò sì máa sanwó fún wọn. Bí ẹ bá ní ẹ kò fẹ́ àdéhùn, dọ́là 649 ni fóònù kan náà. Dọ́là 450 tó wà láàárín iye méjèèjì, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bá yín san án, wọ́n á sì gbà á padà díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣooṣù yín. Ẹni tó bá já àdéhùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, owó ìtanràn ń dúró dè é. Ti iPod touch ní tirẹ̀, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ti gbà lọ́wọ́ yín nígbà tí ọdún méjì bá fi pé ni mo ń wò, kì í ṣe iye tó wà lára páálí.

iPhone 5 àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Mo gbé iPhone 4S, èyí tó ṣáájú, lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo gbé iPhone 5 lé ọ̀tún. Gíráàmù 140 ni 4S, gíráàmù 112 ni iPhone 5. Tí a bá kà á lórí ìwé, gíráàmù 28 kò jọ nǹkan kan. Lọ́wọ́, ńṣe ló dà bíi pé wọn ò tíì fi bátìrì sínú èyí tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì mọ́, aluminiọ́mù ni, ó ń tutù lọ́wọ́, ó sì fẹ́lẹ́: mìlímítà 7.6, nígbà tí 4S jẹ́ 9.3. Ojú rẹ̀ kúrò ní íǹṣì 3.5, ó di íǹṣì 4, ṣùgbọ́n gígùn ló fi kún un, kò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i. Ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú, àtàǹpàkò mi ṣì dé etí kejì. Igun òkè lọ́hùn-ún nìkan ni mo ní láti nà án sí.

Apple sọ pé ọpọlọ rẹ̀, A6, yá ní ìlọ́po méjì ju A5 tó wà nínú 4S. Ó tún jẹ́ iPhone àkọ́kọ́ tó ń lo LTE, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó yára, èyí tó mú kí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sáré gan-an níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá ti dé. Ẹ yẹ ibi tí ẹ ń gbé wò kí ẹ tó torí LTE sanwó, nítorí ní ọdún 2012 kò tíì dé ibi gbogbo. Ẹ̀yin tó sì fẹ́ ra èyí tí kò ní àdéhùn láti máa gbé e káàkiri ayé, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́, nítorí oríṣi mẹ́ta ló wà, LTE tí ọ̀kan ń gbà kì í ṣe èyí tí èkejì ń gbà.

Ẹ̀yin tó ń lọ sọ́dọ̀ Verizon tàbí Sprint, ẹ fetí sí èyí dáadáa: iPhone 5 tiwọn kò lè wà lórí ìpè kó sì máa lo íntánẹ́ẹ̀tì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpè bá wọlé nígbà tí ẹ ń wo ọ̀nà lórí máàpù, íntánẹ́ẹ̀tì á dúró títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán, àfi tí Wi-Fi bá wà níbẹ̀. Ti AT&T kò ní ìṣòro yìí. Fún ẹni tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ.

Ní ti máàpù fúnra rẹ̀, ẹ ti gbọ́. Apple yọ máàpù Google kúrò nínú iOS 6, ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi tirẹ̀ sí i, àṣìṣe inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé Tim Cook kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tó sì ní kí àwọn oníbàárà máa lo ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ná. Ṣùgbọ́n iOS 6 kan náà ló ń wọ 4S, 4 àti iPod touch, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ ìdí tí ẹ fi máa mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀. Ní ti àwọ̀, funfun ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Tí dúdú bá fara ha nǹkan, àwọ̀ fàdákà abẹ́ rẹ̀ máa ń yọ síta, ó sì ń hàn kedere.

Ní ọdún 2012, wọ́n ṣì ń ta iPhone 4S tó ní 16GB ní dọ́là 99, wọ́n sì ń fún èèyàn ní iPhone 4 tó ní 8GB lọ́fẹ̀ẹ́, méjèèjì pẹ̀lú àdéhùn ọdún méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ 4S sí 5 jẹ́ 100 dọ́là. Ẹ pín in sí oṣù 24, ó lé díẹ̀ ní dọ́là mẹ́rin lóṣù. Ẹni tí yóò sì máa san owó oṣooṣù kan náà yálà ó mú èyí tàbí ìyẹn, kí ló fẹ́ fi èyí tó ti pé ọdún kan ṣe? iPhone 4 tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní Siri, olùrànlọ́wọ́ tí èèyàn ń fi ohùn bá sọ̀rọ̀, máàpù rẹ̀ kì í sọ ọ̀nà fún èèyàn bó ṣe ń lọ, 8GB rẹ̀ á sì kún kí ẹ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí 4S ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì pé, kó jókòó jẹ́ẹ́. Fóònù rẹ ṣì dára gan-an.

iPod touch: fóònù tí kò ní síìmù

Ohun tí Apple ṣe fún iPod touch lọ́dún 2012 tóbi ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ojú iPhone 5 gan-an ló gbé sí i lórí, íǹṣì 4, píksẹ́lì 1136 × 640, kò dín, kò lé. A5 tó wà nínú 4S ló wà nínú rẹ̀, Siri wà níbẹ̀, kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ megapixel 5, ó sì ní iná. Gíráàmù 88 péré ni, mìlímítà 6.1. Àwọ̀ mẹ́fà ló wà, okùn kékeré kan sì wà tí ẹ lè fi so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà já bọ́.

Ohun tí kò ní ni kí ẹ mọ̀ dájú. Kò ní síìmù, kò sì ní GPS tó ń mọ ibi tí èèyàn wà. Bí ẹ bá kúrò níbi tí Wi-Fi wà, ìwé tí ẹ fẹ́ kà, orin àti fídíò tí ẹ ti gbé sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kù fún yín. iMessage tí ẹ fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ àti FaceTime tí ẹ fi ń pè pẹ̀lú fídíò á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní fóònù tó ń pè tó sì ń gbà, tó kàn fẹ́ áàpù, géèmù, fọ́tò àti orin, kí ló fẹ́ fi àdéhùn ọdún méjì dè ara rẹ̀ sí? Èyí tó ní 64GB jẹ́ dọ́là 399. iPhone 5 tí kò ní àdéhùn, tó sì ní 16GB péré, jẹ́ 649. Fún ọmọ tí ẹ kò tíì fẹ́ fún ní fóònù, mi ò mọ ohun tó dára ju èyí lọ lórí àtẹ nígbà náà.

Ní ọdún 2012, wọ́n ṣì ń ta iPod touch ti tẹ́lẹ̀, 16GB ní dọ́là 199, 32GB ní dọ́là 249. Ẹ má rà á. Kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó megapixel kan, dọ́là 50 péré ló sì wà láàárín 32GB tirẹ̀ àti 32GB ti tuntun.

iPod nano: orin, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ

Dọ́là 149 ní ọdún 2012, 16GB, gíráàmù 31. Ẹ fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2.5, ó ń ṣe fídíò, ó ní rédíò FM, ó ń ka ìṣísẹ̀ yín bí ẹ bá ń rìn tàbí tí ẹ ń sáré. Bluetooth sì ti wọ inú nano fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà okùn kò ní máa kọ́ yín lápá mọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣeré ìdárayá. Ohun tó dùn mí ni pé ìkọ́ ẹ̀yìn èyí tó ṣáájú, tí èèyàn lè fi kọ́ ọ mọ́ aṣọ, ti lọ.

Apple sọ pé orin iPhone 5 lè lọ fún wákàtí 40, ti nano wákàtí 30. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Wákàtí 40 náà, bí fóònù kò bá ṣe nǹkan mìíràn ni. Ní ọjọ́ gidi, ìpè, íntánẹ́ẹ̀tì àti orin ni yóò jọ máa fa bátìrì kan náà, nígbà tó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó máa wá ibi tí ẹ ó ti gba iná. Ti nano, orin ló wà fún.

Ẹ ṣírò orin yín kí ẹ tó rà á. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin kan, bí iTunes, ètò orin Apple, ṣe ń tà á ní 256 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ń gbà tó MB mẹ́jọ (1,000 MB ló tó 1GB). Nínú 16GB, ẹ ó rí àyè fún nǹkan bí orin 2,000, kò ní tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá kó fídíò sí i. Ó sì di dandan kí ẹ ní kọ̀ǹpútà, torí nano kò ní Wi-Fi, iTunes ni ẹ ó máa fi gbé orin sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra iPhone 5 kò nílò rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ eléré ìdárayá. Ẹni tó ru ẹran erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Okùn tuntun, owó tuntun

Ojú ihò ìsàlẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ láti ọdún 2003 ti yí padà. Lightning ni wọ́n pe èyí tuntun. Ó kéré, ẹ̀gbẹ́ yòówù tí ẹ bá sì fi síwájú, yóò wọlé, kódà nínú òkùnkùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé yín bá kún fún gbohùngbohùn àti ṣájà àtijọ́, ẹ ó ra ohun ìsopọ̀ kan (dọ́là 29 ní ọdún 2012) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, fídíò ò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ tún mọ̀ pé orí ṣájà tó ń wọ ara ògiri wà nínú páálí iPhone 5, kò sí nínú ti iPod touch àti nano. Okùn nìkan ni wọ́n fún yín, kọ̀ǹpútà ni ẹ ó fi gba iná tí ẹ kò bá ní orí ṣájà tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 2012, iPod shuffle ṣì wà ní dọ́là 49, 2GB, kò ní síkíríìnì, ó ní ìkọ́. Ẹni tó ń sáré láàárọ̀ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

iPod classic ni wọn ò dárúkọ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọdún 2009 ni wọn ò ti fọwọ́ kan án. Ó wúwo, ojú rẹ̀ kì í gbọ́ ìfọwọ́kàn. Ṣùgbọ́n 160GB ló ní, dọ́là 249, ojú ihò àtijọ́ yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà gbohùngbohùn tó wà nílé yín á gbà á láìsí ohun ìsopọ̀ kankan. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó orin jọ, tí ẹ kò sì fẹ́ fi ọ̀kankan sílẹ̀ nílé, òun ló yẹ kí ẹ rà nígbà tó ṣì wà lórí àtẹ.