Àgbéyẹ̀wò ParaView lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: ẹ wo dráífà kí ẹ tó bú sọ́fítíwíà

Àpáta ni mo ń wò. A máa ń gbé ègé àpáta kékeré sínú ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ á yà á ní ìpele-ìpele, a ó wá to àwọn àwòrán náà jọ kí a lè rí àwọn ihò tíntìntín tí omi tàbí epo rọ̀bì ń gbà kọjá nínú rẹ̀. ParaView ni mo fi ń tò wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Kitware àti àwọn ibùdó ìwádìí Amẹ́ríkà bíi Los Alamos àti Sandia ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, iṣẹ́ sì ti ń lọ lórí rẹ̀ láti ọdún 2000. Nínú àwọn ohun ọ̀fẹ́ tí mo ti lò, kò sí èyí tó lè gbé irú ẹrù tó ń gbé. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sọ ohun tó jẹ karùn-ún.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi, láti Computer Village ní Ìkẹjà. Káàdì gíráfíìsì (ohun tó ń ya àwòrán sí sikirínì) méjì ló wà nínú rẹ̀: kékeré tó wà lára CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti èyí tó dá dúró tí mẹ́mọ́rì tirẹ̀ jẹ́ 2 GB. Tí mo bá ń lo Slice (tó ń gé àpáta wò) tàbí Contour (tó ń ya ojú rẹ̀ nìkan), gbogbo nǹkan á máa lọ geere. Kí n ṣáà yí Representation sí Volume, tó ń fi gbogbo inú àpáta hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ni, kí n fi máósì yí àpáta náà díẹ̀. Sikirínì á ṣú, á tún mọ́, ParaView á ti lọ. Kò ní dágbére, kò ní sọ ohun tó ṣe é.

Event Viewer, àkọsílẹ̀ tí Windows ń ṣe nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ló máa ń sọ ọ́. Nọ́ńbà 4101 ni ẹ ó rí níbẹ̀, pé dráífà káàdì (sọ́fítíwíà tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) kò dáhùn mọ́, a sì ti gbé e dìde padà. Ètò kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ TDR: bí káàdì gíráfíìsì bá jókòó ti iṣẹ́ kan ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ, Windows á gbà pé ó ti há, á sì tún dráífà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ń wo fíìmù, àǹfààní ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ParaView ti kó sínú káàdì ló dàwátì lẹ́ẹ̀kan náà, bíi kí ọlọ́jà yíjú padà kó rí i pé wọ́n ti kó àtẹ òun lọ. Ibo ni yóò ti máa tajà?

Ẹ wá wo bí ẹrù náà ṣe pọ̀ tó. Àpótí dátà tó jẹ́ 512 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú àmì tó ju mílíọ̀nù 134 lọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4, ìdajì gígábáìtì nìyẹn. Ẹ wá sọ ẹ̀gbẹ́ náà di 1024: ìlọ́po mẹ́jọ ló máa dà, 4 GB. Káàdì 2 GB fẹ́ gbé 4 GB, nígbà tí sikirínì àti bíráúsà náà ń jẹ nínú rẹ̀! Ọ̀pọ̀ àròyé tí mo ń gbọ́ pé "sọ́fítíwíà yìí ò dáa," ibí yìí ló ti wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn ṣe ni kó ṣí Help, kó tẹ About, kó wo ìlà tí wọ́n kọ OpenGL Renderer sí. Káàdì tí ParaView ń lò gan-an ló wà níbẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tèmi, káàdì kékeré ló wà níbẹ̀, ńlá kàn jókòó ni. Mo lọ sí Settings, System, Display, Graphics, mo fi ParaView kún àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì yan High performance. Orúkọ tó wà ní About yí padà, ìpòórá náà dín kù, àmọ́ kò tán.

Ó wá kan dráífà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá ti máa ń gbó, Windows Update náà sì lè gbé òmíràn lé e lórí láìbi yín. DDU, irinṣẹ́ tó ń pa dráífà rẹ́, ni mo fi fọ ti àtijọ́ kúrò nínú Safe Mode (ibi tí Windows ti ń ṣí pẹ̀lú ohun díẹ̀ péré), mo sì ti pa íntánẹ́ẹ̀tì kí Windows má bàa tún gbé tirẹ̀ wọlé kí n tó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dátà íntánẹ́ẹ̀tì yín, ẹ mọ̀ pé dráífà kì í ṣe fáìlì kékeré. Ẹ wa tuntun sílẹ̀ (download) kí ẹ tó fọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò. Kì í sì í ṣe èyí tó tuntun jù ló dára jù. Káàdì tó bá ti dàgbà, dráífà tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn fún irú rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Àwọn kan á ní kí ẹ sún TDR síwájú: TdrDelay nínú registry (ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí), lábẹ́ GraphicsDrivers, kí ẹ fún un ní 8 tàbí 10, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tan. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di 60, torí bí káàdì bá há lóòótọ́, ẹ ó jókòó ti sikirínì tó gan fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ohun tó yanjú tèmi pátápátá wà nínú ParaView fúnra rẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ní Volume Rendering Mode, ẹ yan Ray Cast Only. CPU ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, yóò sì lọ́ra bí ìgbín. Àmọ́ bí kò bá pòórá mọ́, ẹ ti mọ̀ pé dátà yín dá pé, káàdì tàbí dráífà lẹ́jọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lo Linux lè fi Mesa, tó ń fi CPU ya àwòrán dípò káàdì, tan án, èrò kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi Extract Subset mú ọ̀kan nínú méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fi wá igun tó dára, tí màá fi odidi rẹ̀ ya àwòrán ìkẹyìn.

Ìràwọ̀ tí mo yọ nìyí. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Volume, yóò béèrè bóyá ó dá yín lójú, torí ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fi iye tí káàdì yín lè gbà wé iye tí ẹ fẹ́ kó sínú rẹ̀. Crash Recovery tó ń tọ́jú iṣẹ́ yín pa mọ́ wà nínú Settings, ẹ̀yin lẹ máa tàn án fúnra yín. Ẹ tàn án lónìí.

Bí ẹ bá sì ń lọ ra láptọ́ọ̀pù fún irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Task Manager, kó tẹ Performance, kó tẹ GPU. Iye tí wọ́n kọ síwájú Dedicated GPU memory ni kí ẹ fi nájà, kì í ṣe sítíkà tó wà lára ẹ̀rọ.