Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú máàpù tí ń sọ gbèdéke eré lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, Iléṣà ni iṣẹ́ mi wà, nítorí náà ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 30, ni mò ń tọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń lo ètò máàpù kan tí ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́ nínú fóònù mi. Kì í ṣe pé n kò mọ ọ̀nà; ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbé e síwájú ni àmì róbótó kan tí ó máa ń hàn ní igun ojú fóònù, tí ó ń sọ iye eré tí òfin fàyè gbà níbi tí ọkọ̀ bá dé, àti nọ́ńbà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń sọ iye eré tí èmi fúnra mi ń sá. Ohun tí mo rí ni pé nọ́ńbà kejì yẹn ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́, ìyẹn gbèdéke eré, kò ṣeé fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tiwa yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dára. Míítà tí ó wà níwájú awakọ̀ kì í sábà sọ iye eré gan-an. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ni pé míítà kò gbọdọ̀ sọ iye tí ó kéré sí eré tí ọkọ̀ ń sá, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ṣe é kí ó bù díẹ̀ lé e. Nígbà tí míítà ọkọ̀ mi bá wà lórí 80, 76 ni fóònù máa ń sọ, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Àwọn tí ń wa tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni yóò jàǹfààní èyí jù lọ, nítorí pé máìlì ni míítà ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kà: 50 lórí irú míítà bẹ́ẹ̀ ti di kìlómítà 80 ní wákàtí kan, 62 sì ti di 100. Aládùúgbò mi kan wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ó sì dá a lójú pé òun kì í sáré láàárín ìlú, àfi ìgbà tí a gbé fóònù síwájú rẹ̀ ni ó tó rí ohun tí ó ti ń ṣe.

Bí fóònù ṣe ń mọ iye eré yìí yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tí Amẹ́ríkà gbé sójú òfúrufú tó nǹkan bí 30, wọ́n sì ń yí ayé ká ní ibi tí ó ga tó kìlómítà 20,200. Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Yúróòpù àti Ṣáínà náà ní tiwọn, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì ń lo ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Fóònù gbọ́dọ̀ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, kí ó tó lè mọ ibi tí ó wà dáadáa. Iye eré ni ó ń mọ̀ láti inú bí ohun tí ó ń gbọ́ láti òkè ṣe ń yí padà bí ọkọ̀ ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ìró fèrè tírélà ṣe máa ń yí padà létí ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí tírélà náà bá ń bọ̀ àti nígbà tí ó bá ti kọjá. Èyí kò fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kò sì jẹ dátà, nítorí náà nọ́ńbà eré náà kì í kú lójú ọ̀nà, kódà ní àwọn ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń já láàárín oko kòkó.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ òfin. Kò sí èyí tí ń wo pátákó ẹ̀bá ọ̀nà láti òkè wá. Gbèdéke eré tí fóònù ń fi hàn jẹ́ ohun tí ẹnìkan ti kọ sínú máàpù tẹ́lẹ̀, yálà òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ni máàpù náà, tàbí ọkọ̀ tí ó ru kámẹ́rà káàkiri láti ya àwòrán àwọn pátákó, tàbí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bí irú àwọn tí wọ́n ti ń kọ OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 2004. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti kọ nǹkan kan, àwọn ètò mìíràn a fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àwọn mìíràn a sì méfò láti inú irú ọ̀nà tí ó jẹ́. Ojú ọ̀nà wa kò ní pátákó eré púpọ̀, nítorí náà méjèèjì ni mo rí. Láti Lágéré títí dé Ìrémọ, àmì róbótó náà kì í sọ nǹkan kan rárá; ọ̀nà inú ìlú tí èrò, ọ̀kadà àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń rìn mọ́ ara wọn ni ó fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí mo bá ti bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ báyìí, 100 ni yóò kọ, kò sì ní yí i padà títí n ó fi máa wọ Iléṣà.

Òṣú wà láàárín ọ̀nà yìí. Ìlú ni Òṣú, ọ̀nà sì la ibẹ̀ kọjá, pẹ̀lú àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà àti àwọn tí ń sọdá láti ìhà kan sí èkejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń lo ètò yìí, màmá mi jókòó sí iwájú ọkọ̀, mò ń gbé wọn lọ sí Iléṣà láti yẹ ojú wọn wò. Mo wà lórí 84, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí pé mo ti ń wo fóònù dípò ọ̀nà.

“Àkàndé, ṣé kì í ṣe àárín ìlú la wà yìí ni?” ni màmá mi wí.

Mo ní, “Ẹ má bínú, Màámi, 100 ni wọ́n kọ síbí.”

“Ta ló kọ ọ́? Ṣé ó rí ọmọ yẹn ni?”

Ọmọdébìnrin kan ni ó dúró sí etí ọ̀dà, ó ru igbá ẹ̀pà, ó ń retí àtisọdá. N kò rí i. Mo tẹ bíréèkì, mo dín eré kù, ọmọ náà sì sọdá ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ìbéèrè màmá mi kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Ohun tí òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 sọ yé gbogbo ènìyàn tí ó bá kà á. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni gbèdéke ọkọ̀ àdáni láàárín ìlú, ó lè sá 80 ní òpópónà ńlá, ó sì lè sá 100 ní ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 100 yẹn kì í ṣe ti gbogbo ọkọ̀: 90 ni ti takisí àti bọ́ọ̀sì ní ọ̀nà márosẹ̀, 60 péré sì ni ti tánkà àti tírélà. Ètò tí mo lò kò bi mí rí bóyá bọ́ọ̀sì tàbí tírélà ni mò ń wà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́, tí ó gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ síwájú, yóò máa rí 100 níbi tí òfin ti sọ pé 90 ni tirẹ̀, kódà ní àwọn ibi tí máàpù kò ti ṣe àṣìṣe kankan nípa ọ̀nà. Àléébù yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò ìbá ti tó láti tún un ṣe.

Ìyàtọ̀ àárín 50 àti 100 kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà lásán. Ní 50, ọkọ̀ ń rin nǹkan bí mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 100, mítà 28 ni, bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò sún dé lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Àwa ará Ifẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí ní yunifásítì wa níhìn-ín, ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988, lẹ́yìn tí ó ti ń bá ikú ojú pópó jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ tuntun yóò yanjú rẹ̀. Lóòótọ́, ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti oṣù Keje ọdún 2024, gbogbo ọkọ̀ tuntun ni ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí ó bá ti kọjá gbèdéke eré. Kámẹ́rà tí ń ka pátákó àti máàpù ni ẹ̀rọ yẹn gbójú lé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di tòkunbọ̀ tí ó dé Iléṣà lọ́la, kámẹ́rà rẹ̀ yóò wá pátákó tì, máàpù rẹ̀ kò sì ní mọ Òṣú.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà. Fóònù máa ń gbóná gan-an nínú oòrùn ọ̀sán, ó sì ti kú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ooru. Ó yẹ kí ènìyàn ti gba máàpù agbègbè sílẹ̀ sínú fóònù kí ó tó kúrò nílé. Gbogbo ètò rẹ̀ ni kí a ti ṣe tán kí ọkọ̀ tó sún, nítorí pé fífọwọ́ kan fóònù nígbà tí a ń wakọ̀ lòdì sí òfin.

Mo fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni ètò náà lẹ́ẹ̀mejì pé 50 ni kí wọ́n kọ sí Òṣú. Títí di àárọ̀ yìí, 100 ni ó ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà mo ti pa àmì gbèdéke náà, nítorí pé ètò náà fàyè gba kí a pa á kí a sì fi nọ́ńbà eré sílẹ̀, mo sì ṣètò rẹ̀ kí ó máa dún bí mo bá ti kọjá 80 níbikíbi. Bí mo bá ti rí ilé àkọ́kọ́ ní Òṣú, mo ti ń sọ̀kalẹ̀ sí 50, màmá mi kì í sì í sọ̀rọ̀ mọ́ bí a bá ń kọjá níbẹ̀.