Pípààrọ̀ Bátìrì Ínfátà Nílé: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Sólà Kan ní Ìkòròdú

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ yìí wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ní Ìkòròdú. Ínfátà, pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì ni wọ́n ń tà, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń wá so ó mọ́lé fún oníbàárà. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè fi wọn oníṣẹ́ yòówù tí ẹ bá pè wá sílé yín. Bátìrì olómi mẹ́rin ni a ní tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12 (fóòtì ni agbára tí ń ti iná) àti 220Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè fi pamọ́), tí a so tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè di fóòtì 48 fún ínfátà 5kVA. Bátìrì lítíọ́mù kan ṣoṣo, fóòtì 51.2 àti 100Ah, ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Ìdájọ́ mi ni pé iṣẹ́ wọn dára, ó sì dára jù lọ níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kọbi ara sí, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe tú ti àtijọ́ kúrò àti bí wọ́n ṣe tún ínfátà tò fún tuntun.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìkòròdú mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ iná ìjọba kì í dúró ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, owó epo bẹntiróòlù sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Bátìrì ti wọ ilé púpọ̀, ó sì di dandan kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti gbó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn ni pé wọn kò fi ojú lásán wo bátìrì wa kí wọ́n sọ pé ó ti kú. Ọ̀gá oníṣẹ́ náà ní kí a má ṣe lò ó, kí a má sì jẹ́ kí iná wọ inú rẹ̀ láti alẹ́, kí ó lè sinmi, ó sì fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀. Mẹ́ta nínú wọn fi nǹkan bí fóòtì 12.5 hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin kò kọjá 10.5. Ó ṣàlàyé pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì olómi kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fóòtì méjì wá, nítorí náà bí fóòtì méjì bá dín, yàrá kan ti kú nìyẹn. Mo bi í bóyá a kò lè ra ẹyọ kan fi rọ́pò èyí tí ó kú. Ó ní, "Mọ́mì, ó ṣeé ṣe o, ṣùgbọ́n owó yín ló máa ṣòfò. Àwọn mẹ́ta tó kù ti gbó, wọn ò ní pẹ́ sọ tuntun náà di ògbólógbòó." Bákan náà ni kò gbà kí a so lítíọ́mù pọ̀ mọ́ àwọn olómi tí ó ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń gba iná àti bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ kò bára mu.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an ni mo rí ohun tí ó mú mi kọ àyẹ̀wò yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, ọ̀gá yìí ní kí a pa gbogbo ohun tí ń lo iná nínú ilé, láti orí fíríìjì dé orí fáànù. Lẹ́yìn náà ni ó gé iná tí ń bọ̀ láti orí òrùlé, ó gé iná ìjọba, ó pa ínfátà fúnra rẹ̀, bírékà bátìrì ni ó sì pa gbẹ̀yìn. Ètò yìí ní ìdí. Bí a bá yọ bátìrì nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì ṣì ń rọ iná sínú ẹ̀rọ, iná náà kò ní rí ibi gbà sí, fóòtì rẹ̀ lè fò sókè lójijì, kí ó sì ba inú ínfátà jẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì kò sì ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á: níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ti ń ràn sí i lórí, iná wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, ó sì lè lé ní ọgọ́rùn-ún fóòtì bí a bá so mélòó kan tẹ̀lé ara wọn.

Lẹ́yìn tí ó pa gbogbo rẹ̀ tán, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó fi mítà sí ẹnu ínfátà níbi tí kéébù bátìrì ti ń wọlé, ó sì dúró tì í bí nọ́ńbà náà ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn kàpásítọ̀ inú ínfátà máa ń fi iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ti ń nawọ́ sí nọ́ọ̀tì. Ó dá a lẹ́kun: "Dúró ná. Bọ́ òrùka ọwọ́ ẹ. Bọ́ aago náà." Irin tí ó bá já sáàárín orí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì lè pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ kí a tó ṣẹ́jú, òrùka náà irin ni. Mo kíyè sí i pé wọ́n ti fi tépù dúdú wé gbogbo ara sípánà wọn, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀. Ẹ wo sípánà oníṣẹ́ yín kí ẹ tó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀; bí ó bá wà ní ìhòòhò, ẹ ní kí ó wé e.

Wáyà kúkúrú tí ó so bátìrì kejì mọ́ ẹ̀kẹta ni ó kọ́kọ́ tú. Èyí pín fóòtì 48 sí ọ̀nà méjì, ó di 24 ní apá kọ̀ọ̀kan, ewu sì ti dín kù kí ó tó kan àwọn kéébù ńlá. Ìdọ̀tí funfun tí ó ní àwọ̀ ewéko díẹ̀ ti bo orí bátìrì méjì. Wọ́n po béékìn sódà tí a fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi, wọ́n dà á sí i díẹ̀, ó sì hó wùruwùru títí agbára asíìdì náà fi pin, kí wọ́n tó nù ún kúrò. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú wà lára wọn ní gbogbo àsìkò yìí. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bátìrì olómi máa ń tú afẹ́fẹ́ háídrójìn jáde nígbà tí ó bá ń gba iná, bí ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá bá sì ti di háídrójìn, iná kékeré tí ó bá tà pàrà lè mú kí ó bú gbàmù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bátìrì yìí wúwo ju 60 kìlógíráàmù lọ. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé ẹyọ kan, ní òró gangan, wọn kò sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Ibi tí iṣẹ́ ti dúró ni ọ̀rọ̀ bírékà. Èyí tí ó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀ ti jó díẹ̀ lẹ́nu, ọmọ iṣẹ́ wọn sì fa tuntun yọ láti inú àpò. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ti iná ìjọba ni, ó sì kọ̀ ọ́. Iná ìjọba, tí wọ́n ń pè ní AC, máa ń ṣàn síwájú ṣàn sẹ́yìn nínú wáyà, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni ó ń kan òdo láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ó rọrùn fún bírékà láti gé e. Iná bátìrì, tí wọ́n ń pè ní DC, kì í kan òdo rárá. Bí bírékà tí kò tọ́ sí i bá fẹ́ gé e, iná náà lè máa nà láàárín irin méjèèjì, kí ó máa jó lọ. Kò sí bírékà DC tí ó tóbi tó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, nítorí náà a sun òru ọjọ́ náà láìní ínfátà. Inú mi kò dùn sí i pé ṣọ́ọ̀bù tí ń ta bátìrì lè gbéra lọ síbi iṣẹ́ láìmú irú bírékà bẹ́ẹ̀ dání, mo sì sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo yin ọ̀gá náà pé kò fi èyí tí kò yẹ ṣe é kí ó lè gba owó rẹ̀ máa lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, kéébù tuntun ni wọ́n lò, èyí tí ó nípọn tó 35 ní ìwọ̀n mìlímítà onígun mẹ́rin, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ irin ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn pinpin dípò kí wọ́n fi òòlù lù ú. Ọ̀gá náà tún wọn pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù wò kí ó tó so ó, nítorí pé bí a bá so wọ́n gbòdì, ínfátà lè jó lójú ẹsẹ̀. Ó wá mú gílóòbù àtijọ́ kan, irú èyí tí ó ní wáyà tín-ín-rín nínú, ó sì fi í sáàárín kéébù àti orí bátìrì kí ó tó de nọ́ọ̀tì. Gílóòbù náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kú. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí kàpásítọ̀ ínfátà mu iná díẹ̀díẹ̀, kí iná má baà tà pàrà lẹ́nu kéébù.

Títún ínfátà tò ni ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù bátìrì tuntun. Bí wọ́n ṣe to tiwa tẹ́lẹ̀ fún bátìrì olómi, fóòtì 57.6 ni ó fi ń kún, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó sì máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní equalization, tí fóòtì yóò tún fi ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kí omi inú bátìrì lè pò dọ́gba. Lítíọ́mù kò fẹ́ èyí rárá. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà nínú tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ kọjá fóòtì 3.65, ìyẹn 58.4 lápapọ̀. Ọ̀gá náà gbé ìkún sí 56.8, ó gbé ìdúró lẹ́yìn ìkún sí 54, ó ní kí ínfátà pa ara rẹ̀ bí bátìrì bá wálẹ̀ dé 48, ó pa equalization pátápátá, ó sì fi ámpù 50 ṣe òdiwọ̀n iná tí ń wọlé. Lóòótọ́, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ BMS wà nínú bátìrì náà, tí ń ṣọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gé iná bí ó bá rí ewu. Ṣùgbọ́n aṣọ́nà ìkẹyìn ni BMS jẹ́, kò yẹ kí a sọ ọ́ di ẹni tí ń pa iná ilé lójoojúmọ́. Ínfátà wa ti pẹ́, kò lè bá BMS náà sọ̀rọ̀ gba inú wáyà bí àwọn tuntun ṣe ń ṣe, nítorí náà ohun tí a fi ọwọ́ tò sínú rẹ̀ ni ààbò wa àkọ́kọ́.

Mo tún fẹ́ràn òótọ́ tí wọ́n sọ nípa bí bátìrì tuntun ti tóbi tó. Lórí ìwé, mẹ́rin àtijọ́ jẹ́ 10,560 wáàtì-wákàtí, tuntun sì jẹ́ 5,120. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan yóò rò pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a lo bátìrì olómi kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́, nígbà tí lítíọ́mù lè jẹ́ kí a lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nǹkan bí 4,600. Wọn kò sọ fún mi pé ó ju ti àtijọ́ lọ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà ní tuntun. Wọ́n ní yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, yóò tètè kún, yóò sì pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí ínfátà 5kVA bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, yóò máa fa ohun tí ó ju ámpù 100 lọ, bátìrì kan ṣoṣo kò sì lè gbé e. Nítorí náà, a kì í tan sọ́mò, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti áyọ́ọ̀nù pọ̀.

Wọ́n fẹ́ gbé bátìrì náà kọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri wa, ìwọ̀n bátìrì náà sì tó 45 kìlógíráàmù. Orí irin tí wọ́n jó pọ̀ ni ó wà báyìí, ó ga kúrò nílẹ̀ nítorí omi òjò, oòrùn kò sì dé ibẹ̀.

Ibi tí mo bá wọn wí jù ni ti àwọn bátìrì àtijọ́. Wọ́n yọ owó wọn kúrò nínú owó tí a san, wọ́n sì fẹ́ máa gbé wọn lọ láìsọ ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ẹni tí ń ra bátìrì kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni yóò gbà á. Àwa ará Ìkòròdú kò gbọdọ̀ fi irú ìdáhùn yìí ṣeré. Òjé ló kún inú bátìrì wọ̀nyí, Ògìjo tí ó bá wa pààlà sì ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé, tí èéfín wọn ti di ẹkún fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ara ènìyàn, àwọn ọmọdé ni ó sì ń ṣe níbi jù. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó jáde láti inú iṣẹ́ wíwa góòlù pa ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn ni ìwé tí wọ́n kọ pé bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dé ọwọ́ ẹni tí ń gbà á ní odindi, pẹ̀lú asíìdì inú rẹ̀, tí a kò ní dà sí kòtò ibì kankan. Ṣọ́ọ̀bù tí ó mọ iṣẹ́ tó báyìí yẹ kí ó ti ní ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ fún gbogbo oníbàárà.

Wáráńtì ọdún márùn-ún ni wọ́n fún wa, nọ́ńbà ara bátìrì náà sì wà lórí rìsíìtì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ bí ó bá di pé kí a gbé e padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó bátìrì, kéébù àti bírékà sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí náà ẹ gba gbogbo iye náà lákọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í tú bátìrì nínú òjò tàbí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ní kí wọ́n wá ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n máa ń padà wá láti tún àwọn nọ́ọ̀tì dè, láìgba owó mìíràn.